Òṣómàáló Inú Iṣan Bàbá Mi

Ó ti tó ọ̀sẹ̀ méje tí ìbéèrè kan ti ń bá mi gbé. Bí mo bá ń wakọ̀, ó wà níbẹ̀. Bí mo bá ń wẹ̀, ó wà níbẹ̀. Bàbá mi ló bi mí. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wa ní Ìṣọ́kùn, Ìlésà, la jókòó sí. Ó ti yí inú síńgílẹ́ẹ̀tì rẹ̀ síta kí ojú ìrán má baà kàn án níhà, ó gbé apá òsì rẹ̀ jìnnà sí ara bí ẹni tó há ẹyin mọ́ abíyá. Ó wò mí, ó ní, "Nǹkan yìí, ṣé ó lọ ni, àbí ó tún padà lọ lóṣòó?"

Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n á rò pé àwàdà ni. Òṣómàáló ni bàbá mi. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ló tẹ̀ lé àbúrò bàbá rẹ̀ gbé aṣọ lọ sí Ìlọrin, tí wọ́n sì ń ti ibẹ̀ dé Lafíàgí, wọ́n ń tà á láwìn, wọ́n ń padà lọ lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè títí wọ́n á fi gba owó. Ó ti di ẹni ọdún 76 báyìí, ìdúró ń ni ín lára, àmọ́ bí ó bá fẹ́ ronú dáadáa, ẹ ó rí i pé orúnkún rẹ̀ á kọ́kọ́ tẹ̀ díẹ̀, bí ẹni pé ẹnu ọ̀nà onígbèsè kan ló wà.

Shingles ló mú un, àrùn tó ń jó iṣan, tó sì ń sú ìléròrò síta lára. Ohun tó ń dunni ní í pọ̀ lọ́rọ̀ ẹni, ẹ fara dà á fún mi lónìí.

Ìrora tí kò lójú

Agogo márùn-ún ìdájí ló pè mí ní Ilé-Ifẹ̀ níbi tí mò ń gbé. Ó ní nǹkan ń jó òun níhà òsì, láti abẹ́ ọmú yí lọ sí ẹ̀yìn. Ó ní ó dà bí ìgbà tí èèyàn fi ẹ̀yìn ti ìkòkò gbígbóná, tí kò sì lè kúrò níbẹ̀. Mo ní kó tan iná kó wo ibẹ̀. Ó wò ó. Awọ ara mọ́ tónítóní.

Iha òsì, àgbàlagbà, ìdájí: kí ni èèyàn á rò bí kò ṣe ọkàn? Àbúrò mi obìnrin gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kékeré kan ní àdúgbò. Wọ́n so wáyà mọ́ ọn láyà, ọkàn ń lù bó ṣe yẹ. Wọ́n fa ẹ̀jẹ̀, wọ́n sì bá ohun tí wọ́n máa ń bá lára gbogbo wa níbẹ̀, ibà àti táífọ́ọ̀dì. (Ta ni kò ní ibà àti táífọ́ọ̀dì nílùú yìí? Ẹ gbé ògiri lọ, wọ́n á bá a lára ògiri.) Wọ́n fún un ní oògùn ibà, wọ́n fi ti ọgbẹ́ inú kún un, wọ́n ní kó máa lọ.

N kò lè fi tiwọn ṣe púpọ̀, torí èmi gan-an, lórí fóònù, ohun tí mo sọ ni pé, "Bàbá, ọjọ́ orí ni. Ó lè jẹ́ bí ẹ ṣe sùn." Mo fi owó ránṣẹ́ pé kí wọ́n ra róòbù fún un, kí wọ́n fi pa á níhà. Wọ́n fi pa á. Ó jẹ́ kí ọwọ́ wọn kan òun lẹ́ẹ̀kan, kò tún jẹ́ kó kàn án mọ́.

Ohun tí mo wá mọ̀ lẹ́yìn náà ni pé bí àrùn yìí ṣe máa ń wọlé nìyẹn. Ìrora ló sábà máa ń ṣáájú, ọjọ́ kan sí ọjọ́ márùn-ún, nígbà mìíràn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ara á máa ta, á máa yún, á máa jó, kò sì ní sí nǹkan kan fún ojú láti rí. Àwọn kan á lọ wo ọkàn, àwọn kan á lọ wo kíndìnrín, ẹlòmíràn á ní egungun iha òun ló kán. Dókítà tó gbọ́n jù láyé kò lè rí ohun tí kò tíì jáde. Ohun tó dùn mí ni pé kò sẹ́ni tó sọ fún wa pé, "Bí nǹkan bá sú síbẹ̀, ẹ má sùn, ẹ padà wá." Gbólóhùn kan péré ni.

Òwú dúdú

Ó sú síbẹ̀. Bàbá mi kò sọ.

Àbúrò mi ló rí i lálẹ́ Ọjọ́rú nígbà tó gbé oúnjẹ wọlé, tí Bàbá sì yára fa aṣọ bo ara. Ó ṣí i. Ìléròrò kéékèèké ló ṣù jọ síra wọn, omi dúró nínú wọn bí ìgbà tí òjò bá ta sórí ewé kókò, wọ́n sì tò bí ìgbànú láti ẹ̀yìn wá síwájú, ní ìhà òsì nìkan.

Ilé wa kì í ṣe ilé adákẹ́jẹ́ẹ́. Nígbà tó fi máa di ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, ìgbìmọ̀ ti jókòó. Ìyá Ìbejì òdìkejì ọ̀nà ní aláǹtakùn ló tọ̀ sí i lára. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi kò fẹ́ dárúkọ ohun tó ń rò, ó kàn ń sọ pé, "Ilẹ̀ gbóná ni o, ẹ má pariwo." Bàbá kan tí àwọn àti bàbá mi jọ ṣòwò nígbà kan rí ní ọ̀kan nínú àwọn onígbèsè ayé àtijọ́ ló fi ránṣẹ́, pé òun mọ ilé tó ti wá. Ibi tí ohùn gbogbo wọn ti wá dọ́gba ni pé nǹkan náà kò gbọdọ̀ yí i ká. Bí orí rẹ̀ àti ìdí rẹ̀ bá pàdé, ó parí.

Wọ́n mú òwú dúdú, wọ́n fi wọn àlàfo tó kù láàárín orí méjèèjì. Àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ wọ̀n ọ́n, wọ́n tún wọ̀n ọ́n ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n so kókó sí òwú náà níbi tó dé. Wọ́n fi àdí àti ẹfun pa ara rẹ̀. Bàbá mi, tó ti bá àwọn onígbèsè tó gbé àdá jáde fà á, dúró láàárín àwọn obìnrin mẹ́ta, ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, kò mí. Àbúrò mi ló sọ fún mi. Alẹ́ ọjọ́ náà ló tó pè mí.

Ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì

Láti Ifẹ̀ dé Ìlésà kò ju bíi kìlómítà 30 lọ. Mo ti kọjá Òsú kí oòrùn tó mú. Agogo mọ́kànlá la jókòó síwájú dókítà ní ilé ìwòsàn Wesley Guild, ọ̀dọ́mọbìnrin tí kò tíì lè pé ogójì ọdún. Ó fi iná tọ́ọ̀ṣì wo ibẹ̀. Kò pẹ́ rárá kó tó mọ̀ ọ́n. Ó mú ìdérí bírò, ó fi tọ ojú ọ̀nà náà láì kàn án, láti ọ̀pá ẹ̀yìn yí gba abẹ́ abíyá títí dé egungun àárín àyà, ó dúró.

"Ibí ló máa ń dúró sí, Bàbá. Iṣan tó ń gbé ìmọ̀lára lọ sí ọpọlọ, méjì-méjì ni wọ́n ń jáde látinú ọ̀pá ẹ̀yìn, ọ̀kan lọ sọ́tùn-ún, ọ̀kan lọ sósì. Ti òsì yìí ló mú. Ti òsì kì í sábà kọjá sílé ti ọ̀tún."

Mo rí i tí àbúrò mi ki ọwọ́ sínú báàgì. Òwú dúdú ọ̀hún wà níbẹ̀. Ó ká a mọ́ ìka.

Dókítà bi í pé, "Ẹ rántí bóyá ẹ ṣe ilẹ̀gbóná ní kékeré, èyí tó ń sú wẹ́wẹ́, tí kì í pààyàn, tí wọ́n ń pè ní ṣíkínpọ́ọ̀sì?" Bàbá mi kò dáhùn kíá. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kì í fẹnu kan orúkọ yẹn láìnídìí. Nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé, ṣànpọ̀nná tó ń pààyàn ṣì wà nígboro. 1980 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé tó kéde pé ó ti kúrò láyé. Orúkọ kan náà ni wọ́n ń fi bo èyí tó ń pa àti èyí tí kì í pa. Ó wá ní, "Mo ṣe é. Mo tó ọmọ ọdún méje. Inú oko la wà."

"Òun náà nìyí, Bàbá. Kò lọ. Ó sá wọ ìdí iṣan lọ́jọ́ náà, ó wà níbẹ̀ látìgbà náà. Nígbà tí ọjọ́ orí bá dé, tàbí tí ara bá rẹ̀ tí àwọn ọmọ ogun ara kò lágbára tó bíi tàtẹ̀yìnwá, á gba ojú iṣan jáde."

Bàbá mi gbé ojú sókè, ó ń ṣírò. "Ọdún 69." Ó bú sẹ́rìn-ín, ó sì di iha mú torí ẹ̀rín náà dùn ún wọ egungun. "Ọdún 69 lẹ́nu ọ̀nà mi! Òṣómàáló ni nǹkan yìí!"

Ọ̀rọ̀ burúkú tòun tẹ̀rín. Dókítà náà rẹ́rìn-ín. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni, kò nílò ògbufọ̀. Bàbá mi sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé iṣẹ́ fún un, bí ẹni pé òun ló wá gba ìmọ̀ràn. Ó ní òṣómàáló tó mọṣẹ́ kì í bá onígbèsè jà, kì í lu ilẹ̀kùn. Á kàn lóṣòó. Onílé á jáde, á wọlé, á jẹun, á gbàgbé pé ẹnì kan wà níta. Ọjọ́ tó bá rẹ̀ ẹ́, tí kò ní okun àríyànjiyàn, lòṣómàáló máa dìde.

Àárín ẹ̀rín yẹn ni dókítà ti béèrè ohun tó fẹ́ mọ̀ gan-an: "Ọjọ́ wo ni ìléròrò yìí kọ́kọ́ jáde?"

Àbúrò mi ní Ọjọ́rú. Ẹ̀rín kúrò lójú Bàbá. Ó wolẹ̀. "Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni. Ìrọ̀lẹ́, nígbà tí mò ń wẹ̀."

Àbúrò mi yíjú sí i, kò sọ̀rọ̀. Dókítà wo aago ara ògiri. Èmi náà wò ó láìmọ ìdí. Ó ní, "Ó dáa. Wákàtí 72 là ń kà, láti ìgbà tó bá ti sú, láti bẹ̀rẹ̀ oògùn. A ṣì ní bíi wákàtí méje."

Wákàtí méje. Ọjọ́ kan lọ sí ìtìjú Bàbá, ọjọ́ kan sí ìpàdé àdúgbò àti òwú. Ara mi tutù.

Kò pa ilẹ̀kùn dé, ó yẹ kí n sọ ìyẹn. Ó ní bó tilẹ̀ ti kọjá wákàtí 72, bí tuntun bá ṣì ń sú, tàbí tó bá jẹ́ ojú ló mú, tàbí tí aláìsàn ní àrùn tó ń dín agbára ara kù, àwọn á ṣì fún un lóògùn. Ọpẹ́ ló ní ká dá pé iha ni. Ká ní iwájú orí ni, tó sì kan ṣóńṣó imú, ọ̀dọ̀ dókítà ojú ni ì bá ní ká gbà lọ lọ́jọ́ náà gan-an, torí ó lè ba ojú jẹ́.

Ó tún ní kí wọ́n yẹ ṣúgà àti HIV wò. Àbúrò mi fò dìde: "Bàbá wa? Ẹni ọdún 76?" Dókítà náà ṣàlàyé jẹ́jẹ́ pé bí ara bá pàdánù ààbò, shingles wà lára ohun tó máa ń kọ́kọ́ tú u síta, àgàgà lára àwọn tí kò tíì dàgbà, àti pé gbogbo ẹni tó bá ní in ló tọ́ kí wọ́n yẹ̀ wò. Bàbá mi ló parí ìjà náà. Ó na apá. "Ẹ fa á. Ẹni tó bá jẹ gbèsè ló ń bẹ̀rù ìwé." Méjèèjì jáde, kò sí èyí tó ní. Mo mọ ìdílé tí wọn ì bá ti gbé aláìsàn kúrò níbẹ̀ nítorí ìbéèrè yẹn nìkan, oògùn ọjọ́ kẹta ì bá sì bá ìbínú lọ.

Ìlẹ̀kẹ̀ olójú kan

Aciclovir ni wọ́n kọ fún un, míligíráàmù 800, ẹ̀ẹ̀marùn-ún lójúmọ́, fún ọjọ́ méje. Hóró 400 ni kẹ́míìsì ní, ó di méjì-méjì, 70 hóró lápapọ̀. Òmíràn wà tó ń jẹ́ valaciclovir, ẹ̀ẹ̀mẹta péré lójúmọ́. Owó rẹ̀ ni kò jẹ́ ká bá a dọ́rẹ̀ẹ́.

Kí ló dé tí wákàtí fi ṣe pàtàkì tó bẹ́ẹ̀? Mo wádìí rẹ̀ torí kò jẹ́ kí n sùn. Fáírọ́ọ̀sì tó ń fa àrùn yìí ń da ara rẹ̀ kọ ni, ó ń sín ẹ̀dà tirẹ̀ bí ẹni sín ìlẹ̀kẹ̀, ọ̀kan tẹ̀ lé ọ̀kan. Aciclovir jọ ọ̀kan nínú àwọn ìlẹ̀kẹ̀ náà, ṣùgbọ́n ojú kan ṣoṣo ló ní, òdìkejì rẹ̀ dí. Fáírọ́ọ̀sì á mú un, á sín in, òmíràn kò sì ní lè tẹ̀ lé e mọ́. Èyí tó dùn mọ́ mi jù ni pé fáírọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀ ló ń jí oògùn náà; nínú sẹ́ẹ̀lì tí kò bá sí níbẹ̀, oògùn náà fẹ́rẹ̀ẹ́ má ṣe nǹkan kan. Obìnrin kan, Gertrude Elion, wà lára àwọn tó darí iṣẹ́ tó bí oògùn yìí. Nígbà èwe rẹ̀, àwọn iléeṣẹ́ ìwádìí kọ̀ láti gbà á síṣẹ́ torí pé obìnrin ni. Ní 1988 ó wà lára àwọn mẹ́ta tó gba ẹ̀bùn Nobel nídìí ìmọ̀ ìṣègùn.

Ṣùgbọ́n ẹni tó ti sín ìlẹ̀kẹ̀ rẹ̀ tán, kí ni ìlẹ̀kẹ̀ olójú kan fẹ́ ṣe fún un? Ìdí tí wọ́n fi ń kánjú nìyẹn. Ìgbà tó ṣì ń da ara rẹ̀ kọ ni oògùn ń bá a jà. Èyí tó padà sí ìdí iṣan, tó lóṣòó jẹ́ẹ́, oògùn kò rí i. Kò sì sí oògùn kankan tó rí i.

Ìwé gbèsè

Agogo mẹ́fà àárọ̀, mẹ́wàá, méjì ọ̀sán, mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, mẹ́wàá alẹ́. Bàbá mi kò gbà kí ẹnikẹ́ni bá òun rántí. Ó lọ gbé ọ̀kan nínú àwọn ìwé gbèsè rẹ̀ jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, èyí tí kòkòrò ti jẹ etí rẹ̀, ó ṣí ojú ewé tó mọ́, ó kọ "Àlejò" síbi tí orúkọ onígbèsè máa ń wà. Gbogbo ìgbà tó bá gbé oògùn mì pẹ̀lú ife omi ńlá (wọ́n ti kìlọ̀ pé kó mu omi dáadáa nítorí kíndìnrín), á fa igi kan. Igi 35. Mo kà wọ́n, kò sí èyí tó fò.

Ìtọ́jú ara rẹ̀ kò le. Wọ́n fi omi wẹ àdí àti ẹfun kúrò. Aṣọ funfun mímọ́ tí a rẹ sínú omi tútù, tí a fún, la fi ń lé e níbi tó ń jó, lẹ́yìn náà la fi calamine, oògùn ìpara tó ń tu awọ lára, pa á. Aṣọ òwú tó fẹ̀, kò sí ìgbànú, kò sí yíyún. Ọmọ àbúrò mi tó lóyún, tí kò ṣe ṣíkínpọ́ọ̀sì rí, dúró sí ilé ọkọ rẹ̀ títí gbogbo rẹ̀ fi gbẹ tó di èèpá. Èèyàn kì í kó shingles lára ẹni tó ní in. Ṣùgbọ́n omi inú ìléròrò náà lè fún ẹni tí kò ṣe é rí ní ṣíkínpọ́ọ̀sì, èyí sì léwu fún aboyún àti ìkókó.

Ìrora ni kò gbọ́ràn. Parasítámọ́ọ̀lù kò tu irun kan lára rẹ̀. Nígbà tí a padà lọ, dókítà fi gabapentin kún un, èyí tó kéré, ní alẹ́. Àbúrò mi ka ìwé inú páálí, ó pè mí pẹ̀lú ohùn ẹkún: "Oògùn wárápá ni wọ́n fún Bàbá!" Òótọ́ ni, wárápá ni wọ́n kọ́kọ́ fi í wò. Ṣùgbọ́n iṣan tí fáírọ́ọ̀sì ti jó máa ń pariwo láìsí ìdí, oògùn náà sì máa ń dín ariwo iṣan kù. Ó máa ń fa òòyì, nítorí náà a gbé ìkòkò ìtọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì kó má baà dìde lóru ṣubú. Dókítà tún sọ pé ìpara kan wà tí wọ́n fi ohun tó ń mú ata ta ṣe, fún ìgbà tí awọ bá ti san pátápátá tí ìrora kò lọ. Bàbá mi ní, "Ata? Sí ibí yìí?" A kò tíì débẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ kẹta, èèpá ti bọ́. Àwọn ará àdúgbò wá kí wa kú ewu. Ìyá Ìbejì fi ojú ara rẹ̀ rí i pé ó ti gbẹ, ó ṣe àmín, ó bá tirẹ̀ lọ. Láti ọjọ́ náà, kò sí ẹni tó bi bàbá mi pé báwo ni ara. Ojú àpá kò lè jọ ojú ara, wọ́n rí àpá, wọ́n sì rò pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ parí sí. Ìgbà yẹn gan-an ni òun kò lè gbé aṣọ wọ̀. Fáànù bá fẹ́ sí i níhà, á kan ojú pọ̀. Bí ó bá kọjá oṣù mẹ́ta, wọ́n á fún un ní orúkọ mìíràn, ìrora iṣan tó gbẹ̀yìn shingles, àwọn àgbà ló sì máa ń bá fínra jù. A ti ń sún mọ́ ibẹ̀.

Mo ti rí ara mi nínú àwọn tó ń kí i kú ewu yẹn. Èmi ni mo kọ́kọ́ sọ pé ọjọ́ orí ni nígbà tí kò sí nǹkan kan fún ojú láti rí. Nígbà tí kò tún sí nǹkan kan mọ́ fún ojú láti rí, mo fẹ́ sọ pé ó ti tán. Àárín ìgbà méjèèjì nìkan, tí omi wà lára rẹ̀ bí ewé kókò, ni mo gbà á gbọ́. Mo sì máa ń fojú kéré ohun tí wọ́n ń pè ní ìtura, bí ẹni pé kì í ṣe oògùn gidi. Títí alẹ́ ọjọ́ kan tí àbúrò mi pè mí láti sọ pé, "Bàbá sùn. Ó hanrun." Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì ní Ifẹ̀, mo rẹ́rìn-ín bí ẹni tó jẹ tẹ́tẹ́.

Abẹ́rẹ́ àjẹsára wà fún un, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ń gbà á. 2017 ni Amẹ́ríkà fọwọ́ sí èyí tó múná jù, fún ẹni tó ti pé 50 ọdún sókè, ẹni tó ti ní shingles rí pàápàá lè gbà á. Kò sí lára èyí tí ìjọba wa ń fúnni lọ́fẹ̀ẹ́. Èmi náà ti ń sún mọ́ 50. Mo ṣe ṣíkínpọ́ọ̀sì ní kíláàsì kejì.

Lábẹ́ igi 35 yẹn, Bàbá bẹ̀rẹ̀ ìlà mìíràn: alẹ́ tí nǹkan náà kò jẹ́ kó sùn. Wọ́n pọ̀ lókè, wọ́n fọ́nká nísàlẹ̀. Nísàlẹ̀ pátápátá, níbi tí òṣómàáló máa ń kọ "Ó kù" sí, ó kọ ọ́, kò sì kọ iye kankan síwájú rẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú tó kọjá ni mo tó dá a lóhùn. Mo ní, "Bàbá, kò lọ. Ó padà lọ lóṣòó ni."

Ó mi orí. Ó fa síńgílẹ́ẹ̀tì kúrò lára iha pẹ̀lú ìka méjì. "Kó lóṣòó dáadáa," ló wí. "Èmi náà mọ bó ṣe máa ń dun orúnkún."